Bí A Ṣe Ń Ṣe Geocaching Ní Àkúrẹ́ Láì Jẹ́ Kí Wọ́n Pè Wá Ní Gbọ́mọgbọ́mọ

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sídìí igi lẹ́bàá ọ̀nà, tó ń wo fóònù, tó ń ki ọwọ́ bọ abẹ́ òkúta, tó sì ń wo ọ̀tún wo òsì bóyá ẹnì kan ń rí òun: ní Amẹ́ríkà, eré ló ń ṣe. Ní Ọ̀bà-Ilé tàbí ẹ̀yìn Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, kó tó la ẹnu, èrò á ti rọ̀gbà yí i ká. Eré náà dára, ó ń mú ká rìn, ó sì ń jẹ́ ká mọ kọ̀rọ̀ ìlú tí a ti ń gbé látọjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí àwọn òyìnbó kọ́kọ́ máa ń fúnni, pé kí ẹ yọ́ kẹ́lẹ́ kí ará àdúgbò má baà fura, òun gan-an ló lè kó yín sí wàhálà níbí. Lọ́dọ̀ tiwa, gbangba ojútáyé la ti ń ṣe é, kíkí la sì fi ń ṣáájú.

Bí eré náà ṣe rí nìyí. Ẹnì kan á fi ike olómorí kan pamọ́ síbì kan, á gba nọ́ńbà tí sátẹ́láìtì fi ń tọ́ka sí ibẹ̀, á gbé nọ́ńbà náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹlòmíì á fi fóònù wá a débẹ̀, á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tó wà nínú ike náà, á sì dá a padà sí àyè rẹ̀. Ike tí wọ́n fi pamọ́ bẹ́ẹ̀ la ń pè ní ìpamọ́. Ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún ọdún 2000 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣíwọ́ mímọ̀ọ́mọ̀ ba ìtọ́ka GPS, ìyẹn ètò sátẹ́láìtì tó ń sọ ibi tí èèyàn wà, tí aráàlú ń lò jẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta oṣù náà, Dave Ulmer ti gbé korobá dúdú kan pamọ́ sí ìtòsí Beavercreek ní ìpínlẹ̀ Oregon, ó sì kọ nọ́ńbà ibẹ̀ síta. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ gba áàpù Geocaching sórí fóònù, kí ẹ forúkọ sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń lo Android lè gba c:geo. Ìnagijẹ ni kí ẹ lò, torí gbogbo ayé ló máa rí orúkọ náà. Ìpamọ́ kọ̀ọ̀kan lórí máàpù ní òǹkà méjì, láti 1 dé 5: àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ṣòro tó láti rí, ìkejì ń sọ bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe le tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí méjèèjì kò ti ju 2 lọ. Ẹ tún wo bó ṣe tóbi tó: èyí tí wọ́n ń pè ní micro kò ju ike fíìmù kámẹ́rà àtijọ́ lọ, ìwé nìkan ló ń gbà. Kí ẹ sì ka ohun tí àwọn tó ṣáájú kọ. Tí ẹni mẹ́ta tó lọ kẹ́yìn bá ní àwọn ò rí i, ó ṣeé ṣe kó ti sọnù, ẹ má fi owó ọ̀kadà ṣòfò.

GPS fúnra rẹ̀ kò nílò dátà. Máàpù tó ń hàn lójú fóònù ló nílò rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ti tọ́jú máàpù àti àlàyé ìpamọ́ náà sórí fóònù látilé, kó má jẹ́ ẹ̀bá òkè tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí lẹ ó ti máa wá a.

Nọ́ńbà ló ń ṣi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́nà jù. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí tó tọ́ka sí ìgboro Àkúrẹ́: N 07° 15.250 E 005° 11.700. Dígírì àti ìṣẹ́jú ni wọ́n fi kọ ọ́. Tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú Google Maps ní dígírì nìkan, ẹ fi 60 pín ìṣẹ́jú náà kí ẹ tó fi kún dígírì. 15.250 á di 0.25417, 11.700 á di 0.19500, ohun tí ẹ máa tẹ̀ ni 7.25417, 5.19500. Ẹni tó bá kàn tẹ 7.15250, 5.11700, bíi kìlómítà 14 ló fi máa ṣìnà, ọ̀nà Ìdànrè ni yóò sì gbà lọ. Òǹkà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ o: ẹyọ kan níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì lórí ilẹ̀.

Ẹ mú pẹ́ńsùlù méjì, igi tó gùn tó apá, bàtà tó bo ẹsẹ̀, omi, páwà báǹkì, ìwé gbígbẹ díẹ̀ àti nǹkan kéékèèké fún pàṣípààrọ̀. Ẹ má mú àdá.

Níbi tí ẹ ti ń wá a

Ẹ má dá lọ; ẹni méjì tàbí mẹ́ta ló dáa. Láàárín agogo mẹ́jọ sí mọ́kànlá àárọ̀ ló wọ̀ jù. Ìrọ̀lẹ́ tó ti ń ṣú kò dáa, àárọ̀ ọjọ́ Àìkú náà kò dáa, torí gbogbo ilé ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àjèjì tó ń rìn gbéregbère ládùúgbò tó dá páropáro á kàn mú ìfura dání ni. Igbó ẹ̀bá títì márosẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ pátápátá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì kéde orò tàbí ọdún ìbílẹ̀ tí wọ́n ní kí èèyàn jókòó sílé, ẹ jókòó sílé.

Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó wà nítòsí: ìyá tó ń ta bọ̀ọ̀lì, ọlọ́kadà tó ń dúró de èrò, bàbá tó ń gbatẹ́gùn níwájú ilé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ lọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ rárá. Ẹ kí wọn bó ṣe yẹ, kí ẹ sì sọ ọ́ ní ṣókí: “Mọ́mì, ẹ kú ọjà o. Eré kan là ń ṣe lórí fóònù. Wọ́n fi ike kékeré kan pamọ́ sí ìtòsí ibí; a fẹ́ wá a, ká kọ orúkọ wa sí i, ká sì dá a padà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí ẹ bá rí wa tí à ń tú ìdí òkúta kiri, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu.” Ẹ fi máàpù hàn wọ́n. Tí ẹ bá lè ra bọ̀ọ̀lì, ẹ rà á. Oníbàárà kì í ṣe àjèjì mọ́, ìyá náà gan-an ló sì máa bá yín dá ẹni tó bá ń béèrè ọ̀rọ̀ lóhùn.

Àwọn kan á ní ìyẹn ti tú àṣírí ìpamọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣáà tọ́ka sí ojú ibi tó wà gan-an, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kò sówó nínú rẹ̀. Ike tó bá sọnù, a ó ra òmíràn.

Ẹ má ké sí ọmọ tí ẹ kò mọ òbí rẹ̀ pé kó wá bá yín wá a, ẹ má sì fún un ní nǹkan ìṣeré inú ike náà, bó ti wù kó máa wò yín tó. Inúure lẹ rò pé ẹ ń ṣe. Lójú ìyá rẹ̀, bí gbọ́mọgbọ́mọ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Tí ẹnì kan bá pariwo mọ́ yín, ẹ má sá. Ẹ dúró lójú kan, ẹ fi fóònù hàn, ẹ ṣí ike náà níwájú wọn, kí ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀ sókè. Tó bá jẹ́ ọlọ́pàá tàbí Àmọ̀tẹ́kùn ló dá yín dúró, ẹ sọ òótọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má ní kọ́kọ́rọ́ yín ló sọnù tí ẹ ń wá. Irọ́ kékeré yẹn ló ń sọ eré di ẹjọ́ nígbà tí wọ́n bá wá bá ike lọ́wọ́ yín.

Ohun tó bá wà ní oríta, tó wà nínú ìkòkò tàbí igbá, tàbí tí wọ́n fi aṣọ funfun tàbí pupa dì, ẹ má fọwọ́ kàn án, ì báà jẹ́ pé orí rẹ̀ gan-an ni nọ́ńbà yín já sí. Ẹbọ ẹlòmíì ni. Ẹ pa dà sẹ́yìn, kí ẹ kọ ọ́ sórí áàpù pé ibẹ̀ kò ṣeé dé.

Nígbà tó bá ku bíi mítà márùn-ún, ẹ fi fóònù sápò. Níta gbangba, GPS fóònù lè fi mítà 3 sí 5 ṣì. Ó ń burú sí i lábẹ́ igi, lẹ́bàá àpáta àti láàárín ilé onípáànù, torí àmì tí sátẹ́láìtì ń fi ránṣẹ́ ti ń ta lu wọn kó tó dé ọwọ́ yín. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ọfà níbẹ̀ á kàn máa yí po lójú kan. Ojú ló kù tí ẹ máa lò. Ẹ wá ohun tí kò bá ibẹ̀ mu: òkúta tó gun ara wọn létòlétò, ewé gbígbẹ tó pọ̀ jù lójú kan, èèpo igi tó dà bí ẹni pé wọ́n gbé e lé nǹkan. Adùn eré náà wà níbí, ẹ má kánjú.

Igi lẹ máa fi tú abẹ́ òkúta, kì í ṣe ọwọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ejò àti àkekèé ń sá oòrùn síbẹ̀. Òkúta tó bá ṣeé gbé, ẹ di etí rẹ̀ tó jìnnà sí yín mú, kí ẹ gbé e sókè síhà ọ̀dọ̀ yín. Òkúta náà á wà láàárín yín àti ohunkóhun tó bá jáde.

Bí ìdajì wákàtí bá kọjá tí ẹ ò rí i, ẹ máa lọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ò rí i. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ohun tí ẹ kọ ni ẹni tó ni ín á fi mọ̀ pé ó yẹ kóun wá wò ó. Ẹ má fi tuntun rọ́pò rẹ̀ láì sọ fún un. Ti àkọ́kọ́ lè ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tó bá bọ́ sí yín lọ́wọ́

Kí ẹ tó fà á jáde, ẹ ya fọ́tò bó ṣe wà, kí ẹ lè dá a padà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ orúkọ àti ọjọ́. Yíǹkì bírò ń ṣàn tí ọ̀rinrin bá dé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé, ẹni tó ni ìpamọ́ lè pa àkọsílẹ̀ rẹ̀ rẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Tí ẹ bá mú nǹkan, ẹ fi èyí tó tó o tàbí tó jù ú lọ dípò. Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ìṣeré tó dára tó wá fi ìdérí kóòkì sílẹ̀ ti rẹ́ni tó ń bọ̀ lẹ́yìn jẹ. Oúnjẹ kò gbọdọ̀ wọbẹ̀, àní bisikíìtì inú ọ̀rá. Eku àti ọ̀kẹ́rẹ́ á jẹ ike náà lu. Ọṣẹ olóòórùn náà kò dáa. Ọ̀bẹ, oògùn, ọtí àti báńgà, òfin eré náà fúnra rẹ̀ ló kà wọ́n léèwọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ ka owó ẹyọ, àbẹ́rẹ́, dígí àti fọ́tò èèyàn náà mọ́ ohun tí kò gbọdọ̀ wọbẹ̀. Bí ẹ bá rí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ nọ́ńbà àdììtú sí, ìyẹn kì í ṣe ti pàṣípààrọ̀: arìnrìn-àjò ni. Tí ẹ bá mú un, ẹ kọ ọ́ sórí áàpù, kí ẹ sì gbé e dé ìpamọ́ mìíràn láìpẹ́.

Kí ẹ tó pa á dé, ẹ fi ìka nu ibi rọ́bà ọmọrí náà yípo. Ewé koríko kan ṣoṣo tó há síbẹ̀ ti tó láti jẹ́ kí òjò oṣù Kẹfà wọlé, ìwé á sì di ẹ̀kọ mímu. Ẹ tẹ ọmọrí náà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí yóò fi dún.

Tí ẹ bá ń kọ̀ròyìn, ẹ sọ nípa ọ̀nà, nípa ìyá oníbọ̀ọ̀lì, nípa bí ìwé ṣe wà. Ẹ má sọ ibi tí wọ́n fi í sí, fọ́tò rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má gbé e síta.

Tí ẹ bá fẹ́ fi tiyín pamọ́

Ibi tí ẹ ti gba àyè ni kí ẹ lò. Ọgbà òtẹ́ẹ̀lì, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí iwájú ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ yín sàn ju ìdí igi tí ẹ kò mọ olówó rẹ̀. Nínú FUTA, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́, àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ ni kí ẹ lọ bá. Ẹ jìnnà sí bárékè, tẹ́ṣàn, báǹkì, ilé epo, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, itẹ́ òkú, ojúbọ àti oríta. Láàárín ìpamọ́ kan sí èkejì gbọ́dọ̀ tó mítà 161. Ẹ kò sì gbọdọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ rì í.

Àpótí ọta ìbọn ni ọ̀pọ̀ Amẹ́ríkà ń lò nítorí omi kì í wọ̀ ọ́. Ẹ má dán an wò níbí. Ẹ má lo páìpù tí ẹ dí lẹ́nu méjèèjì, ẹ má fi ọ̀rá dúdú dì í, ẹ má fi òwú so ó kọ́ igi. Ike oúnjẹ tó mọ́ gaara, tó ní rọ́bà lábẹ́ ọmọrí, tí ìdè rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, ni kí ẹ rà, kí ẹni tó bá rí i lè rí inú rẹ̀ láì ṣí i. Ẹ lẹ ìwé mọ́ ọn nínú, kó kọjú síta, kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà ní Yorùbá: “Eré geocaching ni èyí. Kò sí nǹkan burúkú nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ níbí.” Ìwé ìfọwọ́sí á tún wà nínú ọ̀rá tirẹ̀. Ẹ má fi í lé ilẹ̀ ní tààràtà, torí ikán lè gba abẹ́ rẹ̀ dé orí ìwé. Ẹ fi í sórí òkúta. Ẹ má sì fi í sínú koríko gbígbẹ: láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta tí wọ́n ń sun igbó, ike á yọ́ mọ́lẹ̀.

Láti gba nọ́ńbà tó péye, ẹ gbé fóònù sójú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́. Ẹ rìn kúrò tó ọgbọ̀n ìṣísẹ̀, kí ẹ gba ọ̀nà mìíràn pa dà, kí ẹ tún kọ ọ́. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ yọ èyí tó bá jìnnà jù sí àwọn yòókù, kí ẹ ro mẹ́rin tó kù pọ̀, kí ẹ sì fi mẹ́rin pín in. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa fi ránṣẹ́ sí àwọn olùyẹ̀wò, tí wọ́n máa wò ó kó tó hàn lórí máàpù.

Òkè Ìdànrè ń wu gbogbo èèyàn. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, ìlú àtijọ́ àti ààfin Ọwá àtijọ́ wà lókè, ó sì ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà forúkọ wọn ránṣẹ́ sí UNESCO láti ọdún 2007. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká máa ki ike bọ pàlàpálá òkúta rẹ̀. EarthCache ló bá ibẹ̀ mu. Kò sí ike kankan: ẹ máa gba àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀, ẹ máa kọ̀wé nípa àpáta náà, ẹ máa bi àlejò ní ìbéèrè tó jẹ́ pé ẹni tó bá dé ibẹ̀ nìkan ló lè dáhùn, ẹ̀yin ni yóò sì fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí. Àpáta náà ń yọ̀ gan-an nígbà òjò, ẹ kọ ìyẹn sínú àlàyé yín.

Tí kò bá sí ìpamọ́ nítòsí yín tí ẹ kò sì tíì fẹ́ gbé tiyín síta, ẹ ṣe é láàárín ọgbà. Ike mẹ́rin márùn-ún, nọ́ńbà wọn lórí WhatsApp ẹbí, ó ti tó fún ọjọ́ ìsinmi kan. Nọ́ńbà kejì lè wà nínú ike àkọ́kọ́, kí ìsáré pọ̀ sí i.

Ẹ wo ìpamọ́ yín lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, kí ẹ tún wò ó kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ pààrọ̀ ìwé tó ti kún. Ẹni tó ń gbé ní Èkó tó kàn wá kí ẹbí l'Óǹdó, kó má fi nǹkan tí kò ní lè padà wá tọ́jú sílẹ̀, àfi tí ẹbí náà bá gbà láti máa wò ó. Bí ẹ bá ń kó kúrò ládùúgbò, ẹ kọ́kọ́ lọ gbé ike náà kúrò níbẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ onílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ yọ ọ́ kúrò lórí máàpù.