Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá Ààrẹ Rán Sọ́jà Jáde Lọ́nà Òfin

Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2025, àwọn sọ́jà kan bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n ní àwọn ti gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Patrice Talon. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọkọ̀ òfurufú ogun Nàìjíríà ti wà lójú ọ̀run Kútọnu, ìfipágbàjọba náà sì ti forí ṣánpọ́n. Àwa tí a ní ẹbí ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, orí fóònù la wà látàárọ̀. Nígbà tí ara rọlẹ̀ díẹ̀, ìbéèrè tí mo ń gbọ́ lẹ́nu èèyàn ni pé: ṣé Ààrẹ Nàìjíríà lè rán ọmọ ogun wọ ìlú onílùú báyìí láì bi ẹnikẹ́ni?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé òfin, kò sì ju ohun tí ẹni tó mọ̀wé kà lè fúnra rẹ̀ yẹ̀ wò lọ. Ọ̀nà tí ẹ máa gbà yẹ̀ ẹ́ wò ni mo kọ síbí, ìbáà jẹ́ Benin ni sọ́jà lọ, ìbáà jẹ́ ọjà àdúgbò yín. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún lọ́yà nìkan. Ọmọ wa làwọn ọmọ ogun yẹn, owó wa ni wọ́n sì fi ra ìbọn tí wọ́n gbé kọ́rùn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ní ìwé òfin lọ́wọ́

Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sì lè rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń tàwé òfin. Ẹ má jẹ́ kí títóbi rẹ̀ bà yín lẹ́rù. Abala 5, 130, 217 àti 218 ni kí ẹ fi bírò sàmì sí. Ẹ fi Òfin Àwọn Ọmọ Ogun kún un, èyí tí ìjọba ológun ṣe ní 1993, tó wà nínú àkójọ òfin ọdún 2004 gẹ́gẹ́ bí orí A20. Bí Gẹ̀ẹ́sì òfin bá lọ́jú jù, ẹ ní kí ọmọ ilé-ìwé kan kà á sókè, kí ẹ máa dá a dúró ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Bí èmi àti bàbá mi ṣe kà á nìyẹn, ìrọ̀lẹ́ méjì ló gbà wá.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ agbára tí òfin gbé fún un

Láyé àtijọ́, oyè ogun ni "Ààrẹ" tí a fi ń pe olórí ìjọba wa lónìí. Nílẹ̀ Ọ̀yọ́, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ló ń ṣáájú ogun, Aláàfin ló sì ń fi í joyè. Kakaǹfò kì í bá ọba gbé Ọ̀yọ́: Àfọ̀njá wà ní Ìlọrin, Kúrunmí wà ní Ìjàyè. Àwọn baba wa ya adé sọ́tọ̀, wọ́n ya idà sọ́tọ̀. Ọ̀nà mìíràn ni òfin ọdún 1999 gbà. Abala 130 sọ pé ẹnì kan náà ni olórí orílẹ̀-èdè, olórí ìjọba àti ọ̀gá pátápátá fún àwọn ọmọ ogun. Ẹni tí a dìbò yàn ni, agbádá ló wọ̀, kò sì pọn dandan kó ti di ìbọn mú rí.

Nítorí pé a kó gbogbo rẹ̀ lé ẹnì kan lọ́wọ́ ni òfin ṣe fi odi yí i ká. Abala 217 sọ ohun tí ọmọ ogun wà fún: láti gba orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ ọ̀tá tó bá ti òde wá, láti ṣọ́ ẹnubodè lórí ilẹ̀, lójú omi àti lófurufú, láti pa iná ọ̀tẹ̀, kí wọ́n sì ran àwọn aláṣẹ ìlú lọ́wọ́ láti dá àlàáfíà padà nígbà tí Ààrẹ bá pè wọ́n. Ilé Aṣòfin lè fi òfin yan iṣẹ́ mìíràn kún un. Ẹ kò ní rí gbèsè gbígbà tàbí ìjà ilẹ̀ níbẹ̀.

Abala 218 fún Ààrẹ lágbára láti pinnu bí wọn yóò ṣe lo ọmọ ogun lójú iṣẹ́, àti láti yan àwọn olórí wọn. Bó bá fẹ́ kí ọ̀gágun kan máa lo agbára náà dípò òun, ìwé ni yóò fi gbé e fún un. Àṣẹ ẹnu kò tó. Ẹsẹ 4 abala kan náà sì sọ pé àwọn aṣòfin lè ṣe òfin tí yóò darí bí Ààrẹ ṣe ń lo agbára yìí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bí wọ́n bá lọ sí òde, ẹ ka ọjọ́

Níbí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Abala 5, ẹsẹ 4, ti ilẹ̀kùn méjì. Èkíní, Ààrẹ kò gbọdọ̀ kéde pé Nàìjíríà ń bá orílẹ̀-èdè mìíràn jagun àfi bí Ilé Aṣòfin Àgbà àti Ilé Aṣojú-ṣòfin bá jókòó pọ̀ tí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Èkejì, ọmọ ogun kankan kò gbọdọ̀ lọ jà lẹ́yìn odi àfi bí Ilé Aṣòfin Àgbà bá ti kọ́kọ́ gbà. Ẹ fa ìlà sábẹ́ "kọ́kọ́" yẹn.

Ẹsẹ 5 wá ṣí fèrèsé kékeré kan sílẹ̀. Bí Ààrẹ bá rí i pé ewu ti dé tòsí ààbò Nàìjíríà, ó lè fọ̀rọ̀ lọ Ìgbìmọ̀ Ètò Ààbò Orílẹ̀-èdè, kó sì rán ọmọ ogun jáde fún ìjà tó níwọ̀n kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin. Ààrẹ fúnra rẹ̀ ni alága ìgbìmọ̀ yìí. Àwọn yòókù ni igbákejì rẹ̀, mínísítà ètò ààbò, olórí àgbà ọmọ ogun, àwọn olórí ọmọ ogun orí ilẹ̀, ojú omi àti òfurufú, àti ẹnikẹ́ni tí Ààrẹ bá fi kún wọn. Ẹ wò wọ́n dáadáa: yàtọ̀ sí igbákejì, ẹni tí Ààrẹ yàn ni gbogbo wọn. Ta ni yóò wá dá a lẹ́kun nínú wọn? Lójú tèmi, ìdí tí òfin kò fi dúró lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ náà nìyí. Ó ní láàárín ọjọ́ 7 tí ìjà gan-an bá bẹ̀rẹ̀, kí Ààrẹ lọ tọrọ ìyọ̀ǹda Ilé Aṣòfin Àgbà. Kí àwọn náà gbà tàbí kí wọ́n kọ̀ láàárín ọjọ́ 14.

Ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ ọjọ́ mẹ́ta sí i: ọjọ́ tí ìjà bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí lẹ́tà Ààrẹ dé Ilé Aṣòfin Àgbà, ọjọ́ tí wọ́n dáhùn. Ti Benin rèé. Ìjà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá. Wọ́n ka lẹ́tà Ààrẹ Tinubu fún àwọn aṣòfin àgbà ní ọjọ́ 9, wọ́n sì fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà gan-an. Ní ti ọjọ́ kíkà, kò sí àléébù: ọjọ́ méjì péré ni Ààrẹ lò nínú 7 tó ní.

Ṣùgbọ́n ẹ má kúrò níbẹ̀. Ẹ bi ara yín bóyá ewu Benin jẹ́ ewu Nàìjíríà, nítorí òun ni òfin fi ṣe kọ́kọ́rọ́ fèrèsé náà. Èmi gbà pé ó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti Ṣẹ̀mẹ̀ sókè, ẹnubodè wa pẹ̀lú wọn gùn, igbó rẹ̀ pọ̀, ilé àwọn ẹlòmíràn sì súnmọ́ ìlà náà tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé òdìkejì ni oko wọn wà. Ohun tó dùn mí ni pé òfin fún àwọn aṣòfin ní ọjọ́ 14 láti béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Sọ́jà mélòó ni? Ìgbà wo ni wọn yóò padà? Ta ni wọ́n yìnbọn fún? Ìwé àkọsílẹ̀ ìjókòó Ilé ni kí ẹ ti wá bóyá ẹnì kan béèrè bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi ti Niger wé e. Ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023 ni àwọn ológun gba ìjọba ní Niamey. Ìbọn kankan kò tíì dún láti ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà ẹsẹ 4 ló de Ààrẹ, kì í ṣe ẹsẹ 5. Ó kọ̀wé sí Ilé Aṣòfin Àgbà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, ó sì dárúkọ lílo ọmọ ogun níbẹ̀. Àwọn aṣòfin, pàápàá àwọn tó wá láti àríwá níbi tí ìpínlẹ̀ 7 ti bá Niger pààlà, ní ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí wọ́n fi wá ojútùú. Sọ́jà wa kò lọ. Ọ̀pọ̀ ló fi ìyẹn bú Ilé. Èmi rò pé ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ tí wọ́n ṣiṣẹ́ wọn jù lọ ni.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí ó bá jẹ́ àárín ìlú, ẹ béèrè ẹni tó pè wọ́n

Nínú ilé, abala 217 dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo tó lè pe ọmọ ogun láti wá dá àlàáfíà padà: Ààrẹ. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ Lekki ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí sọ́jà yìnbọn níbi ìwọ́de EndSARS, ilé iṣẹ́ ológun kéde pé ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló ní kí àwọn wá. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ abala náà, kí ẹ sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Gómìnà lè bẹ̀bẹ̀, ó lè kọ̀wé sí Àbújá, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, nígbàkigbà tí sọ́jà bá dé àdúgbò yín, àṣẹ Ààrẹ ni kí ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín: ọjọ́ wo ló pa á, iṣẹ́ wo ló ní kí wọ́n wá ṣe?

Ti ọjọ́ ìdìbò yàtọ̀ díẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2015, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Sókótó sọ pé kí ìjọba má lo ọmọ ogun fún ìdìbò. Òfin Ètò Ìdìbò tí wọ́n ṣe ní 2022 wá sọ nígbà náà pé INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, nìkan ló lè béèrè fún wọn, kìkì láti sin ohun èlò ìdìbò dé ibùdó àti láti dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wo bí àwọn olórí ọmọ ogun ṣe dé ipò

Ààrẹ ló ń yàn wọ́n, ṣùgbọ́n Òfin Àwọn Ọmọ Ogun, abala 18, ní àwọn aṣòfin gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sẹ́ni tó ka èyí sí. Lọ́yà Festus Keyamo gbé e lọ sílé ẹjọ́, nígbà tó sì di ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2013, Adájọ́ Adamu Bello sọ pé yíyàn tí kò bá dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin kò bá òfin mu. Láti 2014 ni Ààrẹ ti ń fi orúkọ ránṣẹ́. Ọ̀gágun Olúfẹ́mi Olúyẹdé, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, tó di olórí àgbà ọmọ ogun ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, òun náà dúró níwájú Ilé Aṣòfin Àgbà kí wọ́n tó gbà á wọlé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí ọjọ́ bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn

Ẹ kọ lẹ́tà. Òfin ọdún 2011 lórí ẹ̀tọ́ aráàlú láti rí ìwé ìjọba fún ilé iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dá yín lóhùn. Wọ́n lè kọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ààbò, nítorí náà ẹ má béèrè àṣírí ogun. Ẹ má bi wọ́n léèrè ibi tí sọ́jà sùn tàbí irú ìbọn tí wọ́n gbé. Ọjọ́ ni kí ẹ béèrè: ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ààbò jókòó, ọjọ́ tí lẹ́tà jáde láti ọ́fíìsì Ààrẹ. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí aṣòfin àgbà yín. Mẹ́ta ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní, ọ̀kan nínú wọn sì ni ti ẹkùn yín.

Bó bá di ti ilé ẹjọ́, abala 308 kò jẹ́ kí ẹ pe Ààrẹ lẹ́jọ́ ní orúkọ ara rẹ̀ nígbà tó wà lórí oyè. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ èyí, wọ́n sì padà sílé. Ẹ má padà sílé. Agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ ni kí ẹ pè. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni wọ́n tẹ̀ lójú, ìlànà ilé ẹjọ́ ti ọdún 2009 sọ pé kò pọn dandan kó jẹ́ ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ṣe é fún, bẹ́ẹ̀ ni kò sí gbèdéke ọjọ́ tí ẹjọ́ fi ń kú.

Àwọn ará Odi ní ìpínlẹ̀ Bayelsa ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀nà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1999, oṣù mélòó kan péré lẹ́yìn tí ìjọba alágbádá padà, sọ́jà wọ ìlú wọn nítorí àwọn ọlọ́pàá tí àwọn jàǹdùkú pa lágbègbè náà. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì sun ilé títí kò fi sí ohun tó pọ̀ tó dúró. Àwọn ará ìlú lọ sí ilé ẹjọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, Adájọ́ Lambi Akanbi ní Port Harcourt pàṣẹ pé kí ìjọba àpapọ̀ san bílíọ̀nù 37.6 náírà fún wọn.

Nítorí náà, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti máa tọ́jú ohun tí ẹ fojú rí: àwòrán, ìwé ilé ìwòsàn, orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí ìbọn kọ́kọ́ dún ni kí ẹ kọ sókè ojú ìwé àkọ́kọ́.