Bí a ṣe lé olè kúrò nídìí kòtò ẹja wa lẹ́bàá Ìkọ̀lé-Èkìtì

Àrọ̀ tó ti tó kílò kan, nínú kòtò tí a gbẹ́ sétí odò, níbi tí ilé kankan kò sí nítòsí, owó ọ̀fẹ́ ni lójú olè. Ẹ̀yìn ìlú kékeré kan lẹ́bàá Ìkọ̀lé ni oko ẹja èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wà, ní àfonífojì tí omi kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi ibẹ̀ dára púpọ̀, àmọ́ ó jìnnà sí ojú èèyàn, olè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé wa kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá wà nírú ipò yẹn ni mo ń kọ èyí sí, torí ọ̀pọ̀ tó kọ́kọ́ gbà wá nímọ̀ràn, ọgbà àti ajá nìkan ni wọ́n mọ̀.

Kí a tó pe ẹnikẹ́ni lólè, a ní láti mọ̀ bóyá olè ni lóòótọ́. Àrọ̀ máa ń jẹ ara wọn, pàápàá nígbà tí wọ́n wà ní kékeré tí àwọn kan yára dàgbà ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Ẹyẹ ń gbé wọn, ejò àti awọ́nrínwọ́n náà ń jẹ níbẹ̀. Bí òjò ńlá bá rọ̀ tí omi bo etí kòtò, àrọ̀ lè wọ́ gba orí koríko jáde, torí ó lè mí afẹ́fẹ́ lókè omi. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí ló ní àmì tirẹ̀. Jíjẹ ara wọn máa ń dínkù tí a bá ti ṣà wọ́n lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́. Ẹranko sábà máa ń fi orí tàbí egungun sílẹ̀ létí omi. Ẹyẹ tó ń wá síbi kòtò wa kò sì lè gbé ẹja tó tó kílò kan.

Ìwé kékeré kan tí ẹ̀gbọ́n mi ń kọ ló gbà wá. Iye ẹja tí a dà sínú kòtò, èyí tó kú, èyí tí a tà, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ oúnjẹ kù lórí omi láìṣàìsàn, tí òkú ẹja kankan kò sì léfòó, a fa àwọ̀n, a kà wọ́n láti inú abọ́ kan sí èkejì. Èyí tó kù kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó wà nínú ìwé. Ẹni tí kò ka ẹja rẹ̀ kò lè mọ ìgbà tí wọ́n ń jà á lólè, Àmọ̀tẹ́kùn tàbí ọlọ́pàá kò sì ní rí ohun tí wọ́n máa fi ràn án lọ́wọ́.

Ohun tó wá tú àṣírí kò ju kóró oúnjẹ ẹja lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi pè mí lọ sí etí kòtò tó kángun sí igbó. Wọ́n ní, "Wo inú koríko yẹn dáadáa." Kóró oúnjẹ ló há sáàárín koríko, ìrì ti rin ín, ó ti wú, ó sì ń tú tí mo bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ikun ara àrọ̀ ti gbẹ mọ́ koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ipa ibi tí wọ́n ti wọ́ àpò sì hàn nínú ẹrẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, a kì í bọ́ ẹja níhìn-ín o."

Òdìkejì là ń dúró sí látìgbà tí a ti da ẹja sínú kòtò náà. Àrọ̀ mọ oúnjẹ rẹ̀: tí ẹ bá ti fọ́n ọn sórí omi, wọ́n á rọ́ wá, omi á máa hó. Olè tó mọ èyí kò nílò kó wọ omi rárá. Á fọ́n ẹ̀kúnwọ́ méjì, á dúró díẹ̀, á sì ju àwọ̀n lé wọn lórí. Kóró tí a rí sì jẹ́ ti mílímítà 6, ìwọ̀n kan náà tó wà nínú sítọ̀ọ̀ tiwa. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ní ìlú kékeré, ẹ̀sùn lásán lè ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ títí ayé. A kàn yí bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ padà. Kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ọ̀ di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi nìkan, à ń wọn oúnjẹ jáde láàárọ̀, a sì ń gba òfìfo àpò oníkílò 15 padà kí a tó tú òmíràn.

Nínú kòtò fúnra rẹ̀, a ri àwọn ọ̀pá ọparun tí a kò yọ kókó ara wọn mọ́lẹ̀, ní ìṣísẹ̀ kan sí èkejì, ní gbogbo ibi tó jìn. Àwọ̀n tí wọ́n bá jù máa ń há mọ́ ọn, á sì ya. Iṣẹ́ wà nínú kí a máa fà wọ́n tu kí a tó kó ẹja, àmọ́ iṣẹ́ náà kò dùn wá. A fi ẹ̀wọ̀n àti àgádágodo de páìpù tó ń tú omi kòtò dànù, torí ẹni tó bá yí i wálẹ̀ lóru lè gbẹ omi tán, kó sì máa ṣa ẹja bí ẹni ń ṣa ìsáwùrú.

Ọdẹ wa ṣáà ń sùn. Owó oṣù rẹ̀ kò yí padà yálà ẹja pọ̀ tàbí ó dín, nítorí náà a fi owó díẹ̀ kún un lórí kílò kọ̀ọ̀kan tí a bá kó jáde. Láti ìgbà yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ń béèrè iye tó wà nínú ìwé. A tún bá a sọ̀rọ̀ nípa àwọn òru tó léwu: òru òjò, tí ariwo rẹ̀ ń bo ti àwọ̀n mọ́lẹ̀, àsìkò ọdún Kérésì àti Àjíǹde, tí ẹja ń wọ́n, àti alẹ́ tí ìlú bá ń ṣe òkú àgbà, tí gbogbo èèyàn wà lójú agbo.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo gbà pé a ti ṣẹ́gun ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra ẹja. Àgbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Àrọ̀ tí wọ́n jí kò ṣeé tọ́jú pamọ́ títí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ ẹni tó ń yan ẹja, ẹni tó ń se pẹ̀pẹ́súùpù, tàbí alájàpá tó ń lọ sí Adó. Mo lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá kan tó ti ń yan ẹja tipẹ́ ló là mí lójú.

"Ọmọ mi, ẹja odò kì í bára dọ́gba," ni wọ́n wí. "Ẹni tó dẹ igèrè lódò, ńlá àti kékeré ló máa bá níbẹ̀, oríṣi ẹja mìíràn á sì dà pọ̀ mọ́ ọn. Tí gbogbo àrọ̀ inú àpò bá jẹ́ ẹgbẹ́ kan náà, inú kòtò ẹnì kan ló ti wá."

A bá wọn ṣe àdéhùn. Gbogbo ẹni tó bá ra ẹja lọ́wọ́ wa ń gba rìsíìtì tó ní ọjọ́ àti iye kílò. Ẹni tí wọn kò bá mọ̀, kí wọ́n béèrè rìsíìtì. Tí kò bá ní, kí wọ́n pè wá. Àwa náà gbà pé àwọn la máa kọ́kọ́ tà fún nígbà ìkórè, ní iye tí à ń tà fún alájàpá.

Ìpè wọlé láàárọ̀ kùtù. Ọkùnrin kan ti gbé àpò àrọ̀ dé lórí ọ̀kadà, ẹrẹ̀ ṣì wà lára wọn. Ìyá náà ń bá a nájà lọ, wọ́n ń yọ náírà, wọ́n ń fi náírà kún un, títí àwa àti Àmọ̀tẹ́kùn fi dé. Ọ̀kan lára àwọn tó bá wa gbẹ́ kòtò ni. Òṣìṣẹ́ wa kan ló ń bu oúnjẹ ẹja fún un.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń wá táyà. A dúró síwájú ọkùnrin náà, a ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹja kò tó ẹ̀mí èèyàn, ó sì ní ìyàwó àti ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ Baálẹ̀, wọ́n sì gbà láti máa san iye ẹja náà díẹ̀díẹ̀. Òṣìṣẹ́ wa kúrò lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ náà.

Ìdí kan náà ni a kò fi gbà nígbà tí ẹnì kan ní kí a fa wáyà iná mànàmáná yí kòtò ká. Ọmọdé ń gba ibẹ̀ lọ pọn omi. Wáyà kò mọ olè yàtọ̀ sí ọmọ ẹni.

Èyí tó kù tó ń kó ìdààmú bá wa ni àwọn tó ń da oògùn kòkó sínú odò lókè wa láti fi pa ẹja, irú Gamalin 20 tí àwọn àgbẹ̀ ń lò láyé àtijọ́. Ó ń pa ọmọ ẹja àti ẹyin, májèlé sì ni fún ẹni tó bá jẹ ẹja náà. Baálẹ̀ ti kéde rẹ̀ láàárín ìlú. Ní tiwa, a ti fi ilẹ̀kùn pákó sí ibi tí omi odò ń gbà wọlé. Ọdẹ ń wo odò láàárọ̀ kí ó tó ṣí i, tó bá sì rí ẹja kékeré tó dojú dé lórí omi, pákó náà kò ní kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.