WL kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì: bí èmi àti ọkọ mi ṣe dé Varanasi

Ẹ wo lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín lórí tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè Íńdíà kí ẹ tó sanwó. Èmi ò wò ó. Ohun tó sọ ìrìn alẹ́ kan láti Agra sí Varanasi di ìnáwó tó ju ìlọ́po mẹ́rin ohun tí a pète lọ nìyẹn.

Delhi, Jaipur, Agra, Varanasi: bí a ṣe tò ó nìyẹn. Ìlú mẹ́ta àkọ́kọ́ kò fún wa ní wàhálà. Ẹ ṣáà rántí pé wọ́n máa ń ti Taj Mahal, ibojì ńlá tó wà ní Agra, ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n sì máa ń ti Red Fort, odi àtijọ́ ti Delhi, ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Nígbà tí a lọ, 1,100 rúpíì ni àjòjì ń san láti wọ ọgbà Taj, 200 sí i fún inú ibojì fúnra rẹ̀. A ti wà lẹ́nu géètì ìlà oòrùn kí ilẹ̀ tó mọ́, èrò ò sì tíì pọ̀. Èmi ni mo ṣètò ìyẹn, mo sì fi yangàn dáadáa.

Ìgbéraga náà ò pẹ́. Ajẹ́ǹtì tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wa ní Delhi fún wa ní bébà tó ní nọ́ńbà PNR oníka mẹ́wàá (òun ni wọ́n fi ń dá tíkẹ́ẹ̀tì mọ̀), orúkọ wa, àti èyí: RLWL 18/WL 11. Ó ní kò séwu, àyè á yọ.

Ohun tó túmọ̀ sí nìyí. WL ni orúkọ àwọn tó ń retí àyè. 18 ni ipò tí a wà nígbà tí a rà á, 11 ni ibi tí a sún dé. CNF ló fi hàn pé ẹ ti ní kóòṣì àti bẹ́ẹ̀dì. RAC á jẹ́ kí ẹ wọlé, àmọ́ ẹni méjì ló máa pín bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan, lórí ìjókòó. Ní ti WL tí wọ́n rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó bá ṣì jẹ́ WL nígbà tí wọ́n to orúkọ èrò ní wákàtí mélòó kan kí ọkọ̀ tó gbéra, ó fagi lé ara rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fi wọlé kò yàtọ̀ sí ẹni tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì rárá.

WL pàápàá ju ẹyọ kan lọ. GNWL, tó sábà máa ń wà fún àwọn tó wọkọ̀ níbi tó ti gbéra, ló máa ń yára sún. RLWL ni ti àwọn ìlú ojú ọ̀nà, tí bẹ́ẹ̀dì tiwọn kò tó nǹkan. Rajasthan ni ọkọ̀ wa ti ń bọ̀, ojú ọ̀nà lásán ni Agra jẹ́ fún un. A sún dé 9, ó dúró gbagidi.

Owó máa ń padà o, àmọ́ inú àkáǹtì tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ló ń padà sí. Ajẹ́ǹtì ló rà á. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí owó wa wà.

Bí a ṣe háyà mọ́tò nìyẹn, nǹkan bíi 600 kìlómítà. Ọkọ mi sùn dé ìdajì ọ̀nà. Èmi ń ṣírò owó.

Ohun tó dùn mí jù ni pé bẹ́ẹ̀dì wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àjòjì nínú àwọn ọkọ̀ kan. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kìíní ní ibùdó New Delhi, lọ́wọ́ àdúgbò Paharganj, ni wọ́n ti ń tà á. Páásípọ́ọ̀tù gan-an ni kí ẹ mú lọ, ẹ̀dà rẹ̀ kò tó. A dé ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó múra dáadáa ló sọ fún wa pé ọ́fíìsì náà ti kó lọ, tó sì mú wa lọ bá ajẹ́ǹtì.

Kò kó lọ síbì kankan. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló kù ká gùn.