Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà: Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Ìwà Ẹ̀dá Ìtàn Nínú Eré Sáyẹ́ǹsì Orí Tẹlifíṣàn

Ẹ̀dá ìtàn kan wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú, kò sọ nǹkan kan, ó sì tẹ bọ́tìnnì tó pa odindi ìlú run. Abala ọ̀sẹ̀ yẹn parí síbẹ̀. Kí ló sún un dé ibẹ̀? Ẹ̀rù ló ń bà á ni, àbí ó ń gbẹ̀san, àbí ẹlòmíì ló ń darí ọwọ́ rẹ̀? Àwa tí a fẹ́ràn eré sáyẹ́ǹsì lè fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko jiyàn lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì gbà tọkàntọkàn pé ìdajì adùn eré náà, inú iyàn yẹn ló wà. Àmọ́ iyàn ju iyàn lọ. Òmíràn á jẹ́ kí èèyàn padà lọ wo eré náà kó sì rí ohun tí kò rí tẹ́lẹ̀. Òmíràn á kàn di ariwo, tí kálukú á máa tún ohun tó sọ lánàá sọ. Bí wọ́n ṣe dá àbá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ló fa ìyàtọ̀.

Àpẹẹrẹ tí màá lò jù ni Londo Mollari inú Babylon 5, eré Amẹ́ríkà nípa ibùdó kan ní gbalasa òfuurufú tí àwọn aṣojú ẹ̀dá oríṣiríṣi ayé ń gbé, tó ní abala 110, tó sì lọ láti 1994 títí di 1998. Mo yàn án nítorí pé ìtàn rẹ̀ ti parí, a sì lè fi ìparí rẹ̀ yẹ àbá wò. Màá tún mẹ́nu ba Westworld, eré nípa ọgbà ìgbafẹ́ kan tí róbọ́ọ̀tì tó jọ èèyàn kún inú rẹ̀, àti Lost, eré nípa àwọn tí ọkọ̀ òfuurufú wọn já sí erékùṣù kan. Àṣírí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa tú níbí yìí, nítorí náà, ẹni tí kò bá tíì wò wọ́n tó sì fẹ́ wò wọ́n, kó lọ wò wọ́n ná.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ya ohun tó ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó sọ

Ẹ fa ìlà sí ojú ìwé kan kó di ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà kìíní, ohun tí ẹ̀dá ìtàn náà ṣe. Ọ̀nà kejì, àlàyé tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Ọ̀nà kẹta, ohun tí àwọn ẹlòmíì sọ nípa rẹ̀. Ẹ máa kọ nọ́ńbà abala tí ẹ ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí pé ọkàn máa ń tan èèyàn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ lè máa búra pé ẹnìkan sọ ohun tí kò fìgbà kan sọ.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Nínú apá kìíní Babylon 5, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Morden ń lọ bá àwọn aṣojú ìjọba tó wà ní ibùdó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bi wọ́n: kí lẹ fẹ́? G'Kar, aṣojú àwọn Narn, ní òun fẹ́ kí wọ́n pa àwọn Centauri run, nítorí ohun tí wọ́n fojú àwọn èèyàn òun rí. Londo, tó jẹ́ aṣojú àwọn Centauri, ní òun fẹ́ kí ògo àtijọ́ padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn òun. Ọ̀pọ̀ òǹwòran gbá ìdáhùn yẹn mú, wọ́n ní kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìgbéraga àti ojúkòkòrò agbára ló ń da ọkùnrin yìí láàmú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà kìíní lójú ìwé yín. Nígbà tí àwọn tí Morden ń ṣiṣẹ́ fún bá Londo pa ibùdó àwọn Narn kan rẹ́, tí ẹgbàárùn-ún (10,000) ẹ̀mí sì bá a lọ, jìnnìjìnnì bo Londo. Kò yọ̀ rárá. Síbẹ̀, kò pẹ́ tó fi padà lọ bá Morden pé kó tún ran òun lọ́wọ́. Bí ẹ bá ní ìkà èèyàn ni, jìnnìjìnnì yẹn kò ní ìdí. Bí ẹ bá ní ṣe ni wọ́n tàn án, kí ló wá dé tó fi padà lọ nígbà tó ti fojú ara rẹ̀ rí ohun tí wọ́n lè ṣe? Àbá tó bá máa dúró gbọ́dọ̀ gba ìwà méjèèjì mọ́ra. Ibi tí ìwà méjì bá ti ń ta ko ara wọn bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ dúró sí jù, torí ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé máa ń fi nǹkan pamọ́ sí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Kí ló mọ̀ ní wákàtí yẹn?

Àwa òǹwòran máa ń mọ̀ ju ẹ̀dá ìtàn lọ, a kì í sì í rántí. Nínú apá kẹta, Londo ti já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ Morden, ó ti sọ fún un pé ó tán. Lẹ́yìn náà ni Adira, obìnrin tó fẹ́ràn, kú nínú ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ wá bá a. Májèlé ni. Londo gbà pé Refa, olóṣèlú ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti di ọ̀tá, ló ṣe é, ó sì padà sọ́dọ̀ Morden kó lè rí agbára fi gbẹ̀san. Eré náà ti fi hàn wá pé Morden gan-an lọwọ́ rẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá wá ń bi Londo pé báwo ló ṣe lè padà sọ́dọ̀ ẹni tó pa olólùfẹ́ rẹ̀, ìmọ̀ tirẹ̀ ló ń gbé lé Londo lórí. Ìbànújẹ́ ló gbé e padà síbẹ̀. Ọ̀ràn ìtẹ́ kò sí nínú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Nítorí náà, ẹ fi ọ̀nà kẹrin kún ojú ìwé yín: ohun tó mọ̀, àti abala tó ti mọ̀ ọ́n.

Bí eré bá ń da àkókò pọ̀, ẹ to àkókò ná. Nínú apá kìíní Westworld, tó jáde ní 2016, ọ̀dọ́kùnrin oníwà tútù kan wà tó ń jẹ́ William, arúgbó òǹrorò kan sì wà tó ń wọ aṣọ dúdú. A ń wò wọ́n bí ẹni pé ìgbà kan náà ni wọ́n jọ wà. Ẹnì kan náà ni wọ́n, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún láàárín wọn. Àwọn olójú-inú kan ti fura kí eré náà tó tú u síta, wọ́n kíyè sí i pé àmì ọgbà ìgbafẹ́ náà níbi tí William ti wọlé yàtọ̀ sí èyí tó wà láwọn ibòmíràn. Ẹni tí kò bá to àkókò rẹ̀ máa wá ìdí fún ìwà èèyàn méjì. Ìbéèrè tó yẹ kó béèrè ni ohun tó sọ ọ̀kan di èkejì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ṣé òun gan-an ló ṣe é?

Ibí yìí ni eré sáyẹ́ǹsì ti yàtọ̀ pátápátá sí eré yòókù. Nínú eré ìdílé, bí ọkọ bá purọ́ fún ìyàwó, kò sí iyàn pé ọkọ ló purọ́. Nínú eré sáyẹ́ǹsì, wọ́n lè ti pààrọ̀ ìrántí rẹ̀, ẹ̀dá mìíràn lè máa gbé inú ara rẹ̀, ó sì lè jẹ́ róbọ́ọ̀tì tí kò mọ̀ pé róbọ́ọ̀tì lòun. Kí ẹ tó béèrè ìdí, ẹ kọ òfin ayé eré náà sílẹ̀. Ṣé ẹnìkan lè ka ọkàn ẹlòmíì níbẹ̀? Ṣé wọ́n lè pa ìrántí rẹ́? Bí èèyàn bá padà sí àná, ṣé àná lè yí padà? Òfin tí eré náà ti fi hàn nìkan ni kí ẹ kọ. Bí ẹ bá ní láti dá òfin tuntun sílẹ̀ kí àbá yín tó lè dúró, àbá náà ti ṣubú.

Maeve, ọ̀kan nínú àwọn róbọ́ọ̀tì inú Westworld, ló jẹ́ kí ìgbésẹ̀ yìí yé mi jù. Jálẹ̀ apá kìíní, a ń rí i tó ń gbìmọ̀ bí yóò ṣe sá kúrò nínú ọgbà náà, ìgboyà rẹ̀ sì wú wa lórí. Nígbà tó kù díẹ̀, Bernard, òṣìṣẹ́ ọgbà náà, fi hàn án pé ètò sísá náà, láti orí kíkó ẹlòmíì mọ́ra títí dé orí wíwọ ìlú àwọn èèyàn gidi, wọ́n ti kọ ọ́ sínú rẹ̀ ṣáájú. Gbogbo ohun tí a pè ní ìfẹ́ inú rẹ̀ wá di àṣẹ ẹlòmíì. Lẹ́yìn ìyẹn ló jókòó sínú ọkọ̀ ojú irin tó fẹ́ gbé e jáde, ó wo ìyá kan àti ọmọ rẹ̀, ó dìde, ó sọ̀kalẹ̀, ó padà lọ wá ọmọ tirẹ̀. Kò sí sísọ̀kalẹ̀ nínú ètò tí wọ́n fi hàn wá. Àwọn kan á ní ìrántí ọmọ yẹn pàápàá, wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ ìrántí náà kò kọ ọ́ kó lè sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Èmi gbà pé ìpinnu àkọ́kọ́ tó jẹ́ tirẹ̀ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wá àbá mẹ́ta fún ìwà kan ṣoṣo

Nínú abala àkọ́kọ́ Babylon 5 gan-an, Londo sọ pé òun ti lá àlá ikú òun: òun àti G'Kar, ọwọ́ kálukú lọ́rùn ẹnìkejì, tí wọ́n sì pa ara wọn. Ó lé ní ọdún méjì kí àwọn òǹwòran tó rí bí ó ṣe rí gan-an. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ta ni kò ní sọ pé ìkórìíra ni? Ọ̀tá ni wọ́n, orílẹ̀-èdè wọn ń bá ara wọn jagun, Londo fúnra rẹ̀ sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìgbà tí ọjọ́ náà dé nínú ìtàn, Londo ti di ọba, ẹ̀dá kan tí wọ́n ń pè ní Keeper sì wà lọ́rùn rẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ tó sì ń darí rẹ̀. Ọtí ló fi ń kun ẹ̀dá náà lóorun kó lè rí ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣe ìfẹ́ inú ara rẹ̀. Ó lo ìṣẹ́jú yẹn láti tú Sheridan àti Delenn, ará ibùdó méjì tó wà ní àhámọ́ rẹ̀, sílẹ̀, lẹ́yìn náà ló bẹ G'Kar, tó ti di ọ̀rẹ́ rẹ̀, pé kó pa òun kí Keeper tó jí. G'Kar gbà. Keeper jí bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́wọ́, ó sì gbé ọwọ́ Londo lé G'Kar lọ́rùn. Àlá náà ṣẹ bí ó ṣe lá a, kò yẹ̀. Ìdí tí kálukú fi ṣe é nìkan ni gbogbo ayé ti ṣì.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ má fi ìwà kan ṣoṣo dá ẹjọ́ ọkàn. Fún ìwà kọ̀ọ̀kan tó bá wúwo, ẹ kọ ó kéré tán ìdí mẹ́ta tó lè bí i, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ èyí tí ẹ kò fẹ́ kó jẹ́ òótọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè: bí èyí bá jẹ́ òótọ́, kí ni ẹ̀dá ìtàn yìí pàdánù nígbà tó ṣe ohun tó ṣe? Àbá tó bá ṣàlàyé ìdí tó fi gbà láti pàdánù nǹkan náà ni kí ẹ gbé sókè. Èèyàn lè díbọ́n nígbà tí kò ná an ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti díbọ́n nígbà tó bá ń san owó ẹ̀mí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn kámẹ́rà

Nígbà mìíràn, inú ìtàn kọ́ ni ìdí wà. Sinclair ni olórí ibùdó náà nínú apá kìíní Babylon 5, Sheridan sì gba ipò rẹ̀ ní apá kejì. Ìtàn náà ní àlàyé tirẹ̀, ó sì wọlé dáadáa. Àmọ́ ní 2013, lẹ́yìn tí Michael O'Hare tó ṣe Sinclair ti kú ní 2012, J. Michael Straczynski tó dá eré náà sílẹ̀ ṣàlàyé pé àìsàn ọpọlọ ló mú kí O'Hare kúrò, àti pé òun pa á mọ́ nítorí rẹ̀. Nínú Lost, abala mẹ́ta péré ni wọ́n kọ́kọ́ gba Michael Emerson fún. Ó ṣe é dáadáa débi pé ó di Ben Linus, ọ̀kan nínú àwọn òpó ìtàn náà. Adewale Akinnuoye-Agbaje, tó ṣe Mr. Eko, fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ kúrò, wọ́n sì pa Eko nínú apá kẹta, ní 2006. Bí ẹnìkan bá kọ ojú ewé mẹ́wàá lórí ìdí tí erékùṣù náà fi pa Eko, kó fi èyí sínú ìṣirò rẹ̀.

Ẹ tún wo iye ọwọ́ tó ń kọ ìtàn. Straczynski nìkan ló kọ 92 nínú abala 110 yẹn. Ọ̀rọ̀ kékeré inú irú eré bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ìpìlẹ̀ nǹkan ńlá. Níbi tí òǹkọ̀wé mẹ́wàá ti ń pín iṣẹ́ ṣe, ìwà tó ta ko ara wọn lè jẹ́ pé ẹni méjì ló kọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ sọ ohun tó lè bi àbá yín wó

Àbá ni ikán ń dá, ikán kò lè jẹ òkúta. Kí abala tuntun tó jáde, ẹ kọ gbólóhùn kan: "Bí mo bá rí báyìí báyìí, àbá mi ti ṣubú." Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan kọ síbẹ̀, àbá yín ò tíì sọ nǹkan kan. "Ó ní ètò kan lọ́kàn" kì í ṣe àbá. "Kò ní fọwọ́ kan ọmọ náà, bí wọ́n tilẹ̀ pàṣẹ fún un" ni àbá.

Ìgbésẹ̀ keje: Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ síta

Ẹ kọ orúkọ eré àti ibi tí ẹ wò ó dé sókè pátápátá, kí ẹni tí kò tíì dé ibẹ̀ lè yà. Ẹ kọ ẹ̀rí kí ẹ tó kọ ìdájọ́. Ẹni tó ṣe eré kọ́ ni ẹ̀dá ìtàn, ẹ má bínú sí òṣèré nítorí ohun tí Londo ṣe.

Ẹ má sì fi àbá yín ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kọ eré náà lọ́wọ́. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ lè kó wọn sí wàhálà. Straczynski máa ń bá àwọn olólùfẹ́ eré rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan nínú wọn sì kọ àbá kan tó jọ ìtàn tí òun ti ń gbèrò. Ó ní láti gbé ìtàn náà tì títí ẹni náà fi bọwọ́ lùwé pé òun kò ní béèrè nǹkan kan lórí rẹ̀. Ọdún 1995 ni abala náà tó jáde. "Passing Through Gethsemane" ni wọ́n pè é, ó sì dá lórí ọkùnrin kan tí wọ́n ti pa ìrántí rẹ̀ rẹ́, tí kò mọ ohun tí ọwọ́ òun ti ṣe rí. Bí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ ti máa kọ́kọ́ dán àwọn ìgbésẹ̀ yìí wò, abala yẹn dára gan-an.