Ọbẹ̀ Písà Tó Ki: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Àgbẹ̀ Àtẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ń Dáná Nílé

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá àgbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń yan písà tà fáwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH ládùúgbò Under G, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ tòmátì tí wọ́n ń tẹ́ sórí písà la fẹ́ sọ. Ohun tí mo ń rí káàkiri Ògbómọ̀ṣọ́ ni pé àwọn èèyàn mọ fúláwà pò, wọ́n mọ̀ ọ́n yan, wọ́n á ra ṣíìsì olówó gọbọi sórí ẹ̀, síbẹ̀ tí wọ́n bá gé e báyìí àárín ẹ̀ á ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, ṣíìsì á máa yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Wọ́n á ní ààrò ni ò gbóná tó. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ààrò o, omi inú ọbẹ̀ ni.

Tòmátì tẹ́ ẹ rí yẹn, nínú 100 gíráàmù ẹ̀, bíi 94 sí 95 ló jẹ́ omi. Torí náà omi yíyọ ni olórí iṣẹ́ ọbẹ̀ písà. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ po sítáàṣì tàbí fúláwà díẹ̀ sí i kó lè ki, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é, á ki lóòótọ́ àmọ́ á máa yọ̀ lẹ́nu bí ẹ̀kọ mímu, adùn tòmátì á sì lọ. Tòmátì alágolo náà wúlò nígbà tí tòmátì bá wọ́n, mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n tí tòmátì bá pọ̀ lóko tí wọ́n ń dà á sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà torí kò sẹ́ni rà á, ó máa ń dùn mí gan-an, torí owó ni wọ́n ń dà nù yẹn.

Irú tòmátì tẹ́ ẹ máa lò

Tòmátì Yorùbá tó rí rìbìtì tí ara ẹ̀ wú jọ yẹn, ó dùn lọ́bẹ̀, ó kan díẹ̀, àmọ́ omi àti kóró ló kún inú ẹ̀. Ẹ lè lò ó o, ẹ kàn mọ̀ pé iṣẹ́ ẹ̀ máa pọ̀. Èyí tó rọrùn jù ni èyí tó gùn bí ẹyin adìyẹ, tí ẹran ara ẹ̀ nípọn tí kóró ẹ̀ ò pọ̀. Ẹ̀yin àgbẹ̀, Roma VF àti UC82B wà nínú irú èyí, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbin tòmátì tí wọ́n máa fi se ọbẹ̀ tó ki, irúgbìn wọn ni kẹ́ ẹ béèrè. Ní Naples ní Ítálì níbi tí písà ti wá, San Marzano ni wọ́n mọ̀ mọ ọbẹ̀ yìí, òun náà gùn ni, ẹnu ẹ̀ rí ṣóńṣó. Ẹ jẹ́ kó pupa fòò lórí igi kẹ́ ẹ tó ká a, tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń bomi rin ín, ẹ dín omi kù nígbà tó bá ti ń pọ́n, tòmátì tó mu omi yó tán lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ká a, omi yẹn náà lẹ máa fi gáàsì lé jáde.

Ní ti tòmátì ẹ̀sà tó pọ̀ rẹpẹtẹ lọ́jà Wàsò nírọ̀lẹ́, mo mọ̀ pé owó ẹ̀ ló ń fani mọ́ra. Èyí tó kàn fọ́ nínú apẹ̀rẹ̀ kò burú, ẹ gé ibi tó fọ́ kúrò dáadáa kẹ́ ẹ sì sè é lọ́jọ́ náà. Èyí tó ti bu, tó hu bí òwú funfun tàbí dúdú lára, ẹ sọ gbogbo ẹ̀ nù, ẹ má gé e lò. Nǹkan tó hu yẹn máa ń pa kíkan inú tòmátì, kíkan yẹn ló sì ń dáàbò bo ọbẹ̀ yín kó má di májèlé.

Omi yíyọ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo lọ tòmátì lẹ́rọ kúnná bíi ti ọbẹ̀ ata, mo gbé e kaná, wákàtí mẹ́ta gbáko ni mo fi dúró tì í, gáàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ọbẹ̀ ò tíì ki, àwọ̀ ẹ̀ ti ń dúdú, ìdí ẹ̀ ti jóná, ó sì ń korò. Ìyá kan tó ń ta ògì ládùúgbò wa ló wọlé bá mi nídìí ẹ̀, ó wò ó, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé iná ni wọ́n fi ń yọ omi ògì ni?" Láti ọjọ́ náà, àpò ògì ni mo ń lò.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ wọn tòmátì kílò 3, ìyẹn máa fún yín ní bíi lítà 1 ọbẹ̀ tó ki. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi ọ̀bẹ fa àgbélébùú kékeré sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ wọ́n sínú omi tó ń hó fún bíi ìṣẹ́jú 1, ẹ kó wọn sínú omi tútù, èèpo ẹ̀ á máa bọ́ fúnra ẹ̀. Ẹ là á sí méjì, ẹ fi ìka gbo kóró jáde. Ẹ wá lọ̀ ọ́ ní blẹ́ńdà, kó má kúnná jù, tàbí kẹ́ ẹ fi ọwọ́ tó mọ́ fọ́ ọ. Ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀, ẹ máa rí i pé ẹran tòmátì á léfòó sókè, omi á wà nísàlẹ̀. Ẹ dà á sínú àpò ògì tó mọ́ tẹ́ ẹ ti fi omi gbígbóná ṣàn, ẹ so ó kọ́ sórí abọ́ fún wákàtí 1 tàbí méjì. Omi tó máa kán sílẹ̀ kì í pupa, á mọ́ gaara, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí omi ọsàn, tẹ́ ẹ bá fi ẹnu kàn án ẹ máa rí i pé ó dùn, ó sì kan. Ẹ má dà á nù o! Ìrẹsì tàbí ọbẹ̀ ọ̀la lẹ máa fi sè. Ẹ má fún àpò yẹn bí ẹni fún gààrí, ẹran tòmátì á gba ojú àpò jáde.

Ẹni tí kò bá fẹ́ gbé e kọ́, ọ̀nà kejì wà, òdìkejì èyí ni. Nǹkan kan wà nínú tòmátì tó ń jẹ́ pectin, òun náà ló ń mú kí jáàmù dì. Tẹ́ ẹ bá ti gé tòmátì ní tútù tẹ́ ẹ fi í sílẹ̀, enzyme, ìyẹn èròjà inú ẹ̀ tó ń tú nǹkan palẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ pectin yẹn run, ìdí nìyẹn tí omi fi ń yà sọ́tọ̀. Iná tó gbóná ló ń pa enzyme yẹn. Torí náà, ẹ gbé ìkòkò kaná kó gbóná ná, kẹ́ ẹ máa gé tòmátì sínú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó máa hó bẹ́ ẹ ṣe ń gé e lọ, ẹ máa fi orógùn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọbẹ̀ tẹ́ ẹ bá ṣe báyìí kì í tú omi nínú abọ́. Ọ̀nà méjèèjì dáa, èmi fẹ́ràn àpò torí gáàsì.

Sísè é

Ìkòkò tó fẹ̀ lẹnu ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ má dé e, kí oru lè ráyè jáde. Sténlẹ́ẹ̀sì ló dáa jù. Ẹ má lo ìkòkò tí wọ́n fi páànù àjákù rọ, kíkan tòmátì máa ń bó irin ẹ̀ sínú oúnjẹ.

Ẹ da òróró ṣíbí ìjẹun 3 sí i, ẹ gé àlùbọ́sà kan wẹ́wẹ́ sí i, ẹ jẹ́ kó rọ̀ láìpọ́n, kẹ́ ẹ wá gé ááyù ọmọ 4 sí i fún ìṣẹ́jú kan péré, tí ááyù bá jó ó máa ń korò. Ẹ da tòmátì sí i pẹ̀lú iyọ̀ ṣíbí tíì 2 àti táìmù ṣíbí tíì 1. Iná kékeré, bíi ìṣẹ́jú 30 sí 45, ẹ máa fi orógùn ho ìdí ìkòkò, àgàgà nígbà tó bá ti ń ki, torí ìgbà yẹn ló máa ń ta sókè pòù pòù, ó sì máa ń jóni lápá gan-an, ẹ má jẹ́ kọ́mọdé dúró tì í. Tó bá kan jù, ṣúgà ṣíbí tíì 1. Àwọn òyìnbó máa ń fi basil sí i, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò efinrin wa ni, ẹbí kan náà ni wọ́n, ẹ já ewé efinrin 5 tàbí 6 wẹ́wẹ́ sí i nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 5 kẹ́ ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kó má pọ̀ jù o, òórùn efinrin lágbára. Ata rodo ẹyọ kan ò burú. Mágì ni mi ò kì í fi sí i, tòmátì tó ti ki bẹ́ẹ̀ ní adùn tiẹ̀ lára.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti jiná: ẹ bu ṣíbí kan sórí àwo funfun, ẹ kà dé 60. Tí omi bá ṣàn yí i ká, ẹ dá a padà sórí iná. Tó bá jókòó jẹ́ẹ́ tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ gbẹ, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀.

Títọ́jú ẹ̀

Nínú fíríìjì, ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ 4. Fún ìgbà pípẹ́, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ bù ú sí ọ̀rá lóṣùwọ̀n písà kan kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ẹ kó o sí fíríìsà. Tí iná bá lọ tó sì yọ́, tí yìnyín ṣì wà nínú ẹ̀, ẹ lè dá a padà kó dì, tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ ẹ má jẹ ẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ọbẹ̀ tó ní òróró àti ááyù sínú ìgò kẹ́ ẹ gbé e sórí pẹpẹ láìsí fíríìjì. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Clostridium botulinum, òun ló ń fa àìsàn tí wọ́n ń pè ní botulism, ibi tí afẹ́fẹ́ ò sí tí kíkan ò sì tó ló fẹ́ràn, ó lè má ní òórùn rárá, májèlé ẹ̀ sì lè pa odindi ilé. Ẹni tó bá fẹ́ kó o sígò gbọ́dọ̀ lo tòmátì àti iyọ̀ nìkan, kó da oje lẹ́mọ́ọ̀nù inú ìgò tí wọ́n ń tà ṣíbí ìjẹun 1 sí jáà ìdajì lítà kọ̀ọ̀kan, oje tẹ́ ẹ fún fúnra yín ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé torí kíkan wọn ò dọ́gba. Jáà tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí ni kó jẹ́, pẹ̀lú ìdérí tuntun. Omi á bo jáà mọ́lẹ̀ nínú ìkòkò, kó hó fún ìṣẹ́jú 40 gbáko látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Àwọn tó wà létí òkun ń lo 35, àmọ́ ìlú tiwa ga, omi wa máa ń hó kó tó gbóná tó tiwọn. Àlùbọ́sà, ááyù àti òróró á wọlé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ yan písà, ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ tutù kẹ́ ẹ tó tẹ́ ẹ sórí fúláwà, ṣíbí ìjẹun 4 tó fún písà tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun ńlá, kẹ́ ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ́ ẹ láti àárín lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ fi bí ìbú ìka kan sílẹ̀ létí ẹ̀ láìfi nǹkan kàn án.