Bí a ṣe ń tọ́ wísíkì Írẹ́lándì tó gba inú àgbá wáìnì kọjá wò

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí àgbá wáìnì pupa ṣe sí wísíkì kan, ẹ gbé irú rẹ̀ tí kò wọ àgbá bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí agbára àwọn méjèèjì, ìyẹn ìdá ọtí líle tó wà nínú wọn, sì dọ́gba. Ibi ìdọ́gba yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Wísíkì tí wọ́n ń pè ní Green Spot ló dára jù láti fi kọ́ ọ. Midleton, ní Cork ní Írẹ́lándì, ni wọ́n ti ń pọn ọ́n, láti ara ọkà báálì tí wọ́n mú hù pọ̀ mọ́ èyí tí wọn kò mú hù. Inú àgbá bourbon (wísíkì Amẹ́ríkà) àti ti sherry (wáìnì Sípéènì) ni Green Spot lásán ti ń gbó. Èyí tí wọ́n ń pè ní Château Léoville Barton bẹ̀rẹ̀ bákan náà, àmọ́ wọ́n tún dà á sínú àgbá tó ti gba wáìnì pupa Bordeaux, ti ilẹ̀ Faransé, rí, ó sì lo ọdún kan sí méjì níbẹ̀.

Agbára Green Spot lásán jẹ́ 40%, ti èkejì jẹ́ 46%. Ọtí tó bá lágbára jù máa ń ta lẹ́nu jù. Ẹni tí kò fiyè sí i á ní wáìnì ló ń ta òun.

Ẹ bu mílílítà 25 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ife tí ẹnu rẹ̀ fún ju ikùn rẹ̀ lọ. Ẹ fi síríńjì tí a fi ń fún ọmọdé lóògùn wọn omi mílílítà 3.75 sí ti 46% náà. Yóò bọ́ sí 40% géérégé. Omi inú ìgò ni kí ẹ lò, torí òórùn ọ̀rá máa ń wà lára omi inú ọ̀rá. Ẹ má fi yìnyín sí i: òtútù máa ń pa òórùn, ó sì ń jẹ́ kí ẹnu gbẹ kọjá bó ṣe yẹ. Ẹ bo ife méjèèjì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ ya ẹnu díẹ̀ bí ẹ bá ń gbóòórùn, kí ife jìnnà sí imú ní ìwọ̀n ìka méjì. Ẹni tó bá ti imú bọ ife, ọtí á pa imú rẹ̀ kú fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ fi ti lásán ṣáájú. Ìdajì ṣíbí tíì ni kí ẹ kọ́kọ́ mu, kí ẹnu lè mọ̀ ọ́n lára; ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Ẹ fi ìkejì yí ẹnu ká fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ó kan erìgì. Ápù tútù, ata ilẹ̀ àti kànáfùrù lẹ máa bá pàdé. Nínú ti Léoville Barton, èso pupa tó pọ́n dáadáa á dà pọ̀ mọ́ ọn, lẹ́yìn náà erìgì á gbẹ, á fà bí ìgbà téèyàn jẹ obì tán. Tannin nìyẹn, èròjà tó ń mú ẹnu gbẹ, láti ara igi àti wáìnì. Òun ni ká gbára lé ju adùn èso lọ, torí àgbá sherry náà lè fún ọtí ní adùn. Bí gbígbẹ náà bá korò, tó sì pẹ́ lẹ́nu ju èso lọ, àgbá ti borí ọtí nìyẹn.

Ẹ má fi àwọ̀ ṣe ẹ̀rí. Òfin Írẹ́lándì gbà kí wọ́n fi kárámẹ́ẹ̀lì pa wísíkì láró.

Bí ìgò yín bá lágbára ju báyìí lọ, ẹ mú 25 lọ́nà iye agbára rẹ̀, ẹ pín in sí ọ̀nà 40, kí ẹ yọ 25 kúrò. Ohun tó bá kù ni iye mílílítà omi tí ẹ máa fi sí i.