Bí Ẹgbẹ́ Àdúgbò Ṣe Ń Gba Ọgbà Ìgbafẹ́ Ìjọba ní Òṣogbo

Ẹ kọ́kọ́ fi orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ìyẹn ò le: wọn á gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn méjì, ẹ ó dúró fún ọjọ́ 28 bóyá ẹnìkan máa takò ó, ìwé á jáde. Orúkọ tó wà lórí ìwé yẹn gan-an, èyí tó ní "Incorporated Trustees of" nínú, ni kó wà lórí ìwé líìsì, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi máa yá yín ní ọgbà náà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kọ orúkọ alága síbẹ̀. Nígbà tí alága kú, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ìwé dé, wọ́n ní ogún bàbá àwọn ni.

Ó kan lẹ́tà. Káńsẹ́lọ̀ tàbí olórí àdúgbò ò lè fún yín ní ilẹ̀ ìjọba. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, kó máa bá aráàlú dì í mú. Abẹ́rẹ́, níbi tí sẹkitéríàtì ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, ni lẹ́tà ń lọ, kí ẹ̀dà kan lọ sí ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa o, àdúgbò kan lè wà lábẹ́ Òṣogbo, kí èyí tó tẹ̀ lé e wà lábẹ́ Ọlọ́rundá.

Awọnlẹ̀ tó níwèé àṣẹ ni kó wọn ilẹ̀. Àmọ́ kó tó dé, ẹ fi okùn tí ẹ ta kókó sí ní mítà kọ̀ọ̀kan rìn yí ọgbà ká fúnra yín. Okùn náà ń ṣe iṣẹ́ téèpù. Fóònù ò tó. Aago méje àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ tún padà lọ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ kọ ẹni tẹ́ ẹ bá bá níbẹ̀ sílẹ̀: ìyá alákàrà, àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, bàbá tó ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ìwé yẹn lẹ máa gbé síwájú lọ́yà.

Ibi tí wọ́n ti ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ rèé: ẹnu ọ̀nà. Àdéhùn kan tí mo kà ní kí "gbogbo ará ìlú" máa wọlé, kò sọ pé lọ́fẹ̀ẹ́. Kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ń gbé kánópì kalẹ̀ síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé fún òde. Mo rí ọmọkùnrin kan nínú aṣọ ilé ìwé, bọ́ọ̀lù lábíyá rẹ̀, àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́dẹ ní kí wọ́n lọ mú igba náírà wá. Wọ́n di irin fẹ́ǹsì mú, wọ́n ń wo inú. Ó dùn mí títí dòní.

Nítorí náà, ẹ kọ "lọ́fẹ̀ẹ́" síbẹ̀. Ẹ kọ aago tí ẹnu ọ̀nà máa ń ṣí. Ẹ kọ iye ọjọ́ tẹ́ ẹ lè gba owó òde: mi ò gbà kó ju méjìlá lọ lọ́dún, ìdajì ọgbà ni wọ́n sì lè lò. Ẹ kọ pé owó náà ò gbọ́dọ̀ kúrò nínú iṣẹ́ ọgbà. Ẹ kọ ibi tí ìyá alákàrà máa jókòó sí. Ẹ kọ ẹni tó ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tẹ́ ẹ bá kọ́, lọ́jọ́ tí líìsì bá parí.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà wá àgírímẹ́ǹtì ilé gbígbé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó yí orúkọ padà. Lọ́yà ló ń ṣe ìwé ilẹ̀.

Tí ìjọba bá ń lọ́ra, ẹ tọrọ àdéhùn ìtọ́jú fún ọdún méjì ná. Central Park ní New York ò sí lábẹ́ líìsì: ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1980 ló ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn lọ́dún 1998, ìlú ló ṣì ni ilẹ̀. Èmi fẹ́ràn ọ̀nà yìí fún ẹgbẹ́ tuntun.

Tí wọ́n bá ti lu sítáǹpù, tí wọ́n sì ti fi ìwé sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ilẹ̀, ẹ ya fọ́tò gbogbo bẹ́ǹṣì àti iná kẹ́ ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́. Ẹ gbin pèrègún láti òpó ààlà tí awọnlẹ̀ rì kan dé òmíràn. Ó dínwó ju búlọ́ọ̀kù lọ, arúgbó tó bá kọjá á sì mọ̀ pé ààlà ni. Ẹ fi àyè ẹnu ọ̀nà kékeré kan sílẹ̀ láàárín rẹ̀, kẹ́ ẹ má ra àgádágodo fún un.